KỌ́BỌ̀ ONÍHÒ: ÀMÌ TÓ WÀ LÁRA RẸ̀ ÀTI IYE TÓ TÓ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà àgbà kan ni mo fẹ́ bá yín tú wò nínú ìwé yìí. Owó onírin àtijọ́ ni, èyí tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ nínú agolo, nínú àpótí àti lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan ládùúgbò wa ní Dei-Dei níbí ránṣẹ́ pè mí. Pákó ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ń tà nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé wọn, ìyá gbé agolo mílíìkì ńlá kan síwájú mi. Kọ́bọ̀ oníhò ló kún inú rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kó wọn jọ nílé, ọkọ rẹ̀ sì gbé agolo náà wá sí Àbújá. Ọ̀rọ̀ agolo yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n pe bàbá-bọ́lá kan wọlé, kó fi kílò wọ̀n ọ́n, kó sanwó rẹ̀ bí ó ti ń sanwó irin àlòkù. Àbúrò ní rárá o, olówó ni wọ́n. Ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé òyìnbó kan ń ra kọ́bọ̀ àtijọ́ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, àmọ́ kí ó kọ́kọ́ san ẹgbàá méjìlélógún ààbọ̀ náírà, èyí ni 45,000, fún owó ìwé. Ọmọ náà sì ti san án.

Ìyá wá bi mí pé, "Tíṣà, èwo ni ká ṣe? Ṣé pàǹtí ni, àbí ọlà?" Ohun tí mo sọ fún ìyá lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé agolo bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àwa ọmọ Yorùbá, ní Dei-Dei àti nílé. Ìdáhùn náà kò sí lẹ́nu bàbá-bọ́lá, kò sì sí lẹ́nu ẹni orí fóònù. Ara owó náà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí a bá lè kà á.

KÍ KỌ́BỌ̀ TÓ DÉ

Kí òyìnbó tó gbé owó onírin dé, owó ẹyọ ni a ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan (20,000). Nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì dé, àwọn èèyàn wa kò gbàgbé ìṣirò wọn. Wọ́n gbé ọ̀kẹ́ kan lé ṣílè márùn-ún, tó fi jẹ́ pé ọ̀kẹ́ mẹ́rin di pọ́ọ̀n kan. Ìṣirò yìí pẹ́ ju owó ẹyọ fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, owó orí 30 ṣílè ni wọ́n ní àwọn lè san. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ná owó ẹyọ lọ́jà mọ́ nígbà náà.

Orúkọ tí a sọ àwọn owó tuntun náà kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà tó ń ka ìwé yìí. Bàbà ni àwọn òyìnbó ń pè ní copper. Òun ni ẹnu wa yí padà sí kọ́bọ̀. Oníní mẹ́wàá jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Eépìnnì méjì jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ mẹ́ta jẹ́ tọ́rọ́, mẹ́fà jẹ́ sísì, méjìlá jẹ́ ṣílè. Ogún ṣílè jẹ́ pọ́ọ̀n. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, kọ́bọ̀ 240 ló wà nínú pọ́ọ̀n kan, oníní 2,400.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Kọ́bọ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe kọ́bọ̀ tó bá náírà wá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, pọ́ọ̀n kan di náírà méjì, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ tuntun sì wà nínú náírà kan. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ayé àtijọ́ àti kọ́bọ̀ ayé náírà kì í ṣe ọmọ ìyá.

BÍ KỌ́BỌ̀ ṢE DI ONÍHÒ

Láti 1894, Báńkì ti British West Africa ni ó ń kó owó fàdákà wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ńlá ni ṣílè fún ẹni tó fẹ́ ra ata tàbí iyọ̀. Èyí ló mú kí wọ́n rọ owó kékeré fún ilẹ̀ wa, kọ́bọ̀ àti oníní, tí ọdún 1907 wà lára wọn. Wọ́n dá ihò sí i láàárín kí àwọn èèyàn lè sín in sí okùn bí wọ́n ti ń sín owó ẹyọ. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ oníní, àmọ́ ojú ọjọ́ wa bà á jẹ́, nítorí náà ní 1908 wọ́n yí i padà sí bàbà tí a yọ́ pọ̀ mọ́ níkẹ́lì. Irin funfun yìí náà ni wọ́n fi rọ kọ́bọ̀. Ní 1911 eépìnnì dé bá wọn.

Lára àwọn tí wọ́n rọ títí di 1911, ẹ ó rí NIGERIA pẹ̀lú BRITISH WEST AFRICA. Láti 1912, ọ̀rọ̀ NIGERIA kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí owó kan náà fi di ti Nàìjíríà, Gold Coast tó di Ghana, Sierra Leone àti Gambia. Kọ́bọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníkòkó ní Ìbàdàn lè dé Accra tàbí Freetown kí ó sì tún padà wálé.

Ní 1913 wọ́n rọ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti ilẹ̀ wa, fàdákà gidi. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, owó fàdákà gòkè gan-an, ìjọba sì fi idẹ rọ́pò rẹ̀ ní 1920. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Kọ́bọ̀ funfun di kọ́bọ̀ pupa ní 1952. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó tiwa jáde. Kọ́bọ̀ àti eépìnnì tọdún yẹn ṣì ní ihò àti ìràwọ̀ elétí mẹ́fà, ṣùgbọ́n FEDERATION OF NIGERIA ni wọ́n kọ sí i. Ìgbà tí náírà dé ni ihò dópin.

ÀWỌN LẸ́TÀ KÉÉKÈÈKÉ

Ẹ mú kọ́bọ̀ oníhò kan lọ́wọ́ báyìí. Ní ojú kan, adé ọba wà lókè ihò, orúkọ ọba yí i ká, iye owó náà sì wà níbẹ̀. Ní ojú kejì, ìràwọ̀ elétí mẹ́fà yí ihò ká, pẹ̀lú BRITISH WEST AFRICA àti ọdún. Nítòsí ìràwọ̀ àti ọdún yìí ni kí ẹ ti wá lẹ́tà kékeré. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àgbà tí ojú rẹ̀ kò já geere mọ́ yóò nílò awò. Lẹ́tà yìí ni àmì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ owó náà.

Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, ní ilé ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rọ ọ́.

Bí ẹ bá rí H, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìdílé Heaton ní ìlú Birmingham ni. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìrọwó ní 1850, ó sì rọ owó fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kí ó tó kógbá sílé ní 2003.

Bí ẹ bá rí KN, King's Norton Metal Company ni, ní Birmingham kan náà.

Bí ẹ bá rí SA, gúúsù Áfíríkà ni, ní ìlú Pretoria. Lára kọ́bọ̀ àwọn ọdún 1940 sí 1949 ni ẹ ti lè bá a pàdé.

Kí ló dé tí ilé ìrọwó ọba kò fi dá ṣe gbogbo rẹ̀? Iṣẹ́ pọ̀ jù ni. Owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ wà níwájú wọn, ti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso sì wà lẹ́yìn. Bí ọ̀gá télọ̀ tí iṣẹ́ ọdún bá bò mọ́lẹ̀ ti ń pín aṣọ fún télọ̀ mìíràn rán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà. Lẹ́tà náà ni wọ́n fi mọ ẹni tó rán èwo, kí ó lè rọrùn láti mú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dára.

ỌBA TÍ KÒ PẸ́ LÓRÍ OYÈ

Orúkọ ọba tó wà lára kọ́bọ̀ náà jẹ́ ìtàn. Ẹ ó rí EDWARDVS VII, GEORGIVS V, GEORGIVS VI, àti ELIZABETH. Lẹ́yìn orúkọ àwọn ọba náà, ẹ ó rí IND. IMP., ìyẹn ni pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni olú-ọba India. India gba òmìnira ní 1947, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára owó. Òmìnira ilẹ̀ kan tó jìnnà sí wa yí ohun tí wọ́n kọ sára kọ́bọ̀ tí ìyá wa fi ń ra èkuru padà.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni EDWARDVS VIII. Edward kẹjọ jọba ní oṣù kìíní 1936, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò ná owó tó ní orúkọ rẹ̀ lọ́jà rárá. Wọ́n ń múra ère orí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ni ó bọ́ lórí oyè. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ilẹ̀ wa kì í ní orí ọba. Ihò ló wà níbi tí orí ì bá wà. Nítorí náà wọn kò ní ère kankan láti dúró dè, orúkọ nìkan ni wọ́n ń yí padà. Èyí ló mú kí kọ́bọ̀, eépìnnì àti oníní ọdún 1936 ní orúkọ ọba náà, tí àwọn ìyá wa sì ń ná an ní Dùgbẹ̀ àti ní Ọ̀yìngbò. Ìlà-oòrùn Áfíríkà, Fiji àti New Guinea náà ní irú rẹ̀, oníhò ni gbogbo wọn.

Ní oṣù kìíní 2020, wọ́n ta owó wúrà kan tí wọ́n fi orúkọ àti orí Edward kẹjọ yìí ṣe àpẹẹrẹ, ní mílíọ̀nù kan pọ́ọ̀n. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹni orí fóònù ń gbé kiri. Wọn kò ní sọ fún yín pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n rọ irú owó wúrà yẹn, àti pé kọ́bọ̀ oníhò ti ọba kan náà pọ̀ lọ jàra. Ìwọ̀nba pọ́ọ̀n díẹ̀ ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń ra irú rẹ̀, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ọba kan náà, ọdún kan náà, iye kò dọ́gba.

KÍ LÓ Ń MÚ OWÓ ÀTIJỌ́ NÍYE LÓRÍ?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọjọ́ orí ni. Kì í ṣe òun. Owó bàbà àwọn ará Róòmù tó ti lé ní 1,600 ọdún wà tí owó táṣẹ́rẹ́ yóò rà. Nǹkan mẹ́ta ni.

Èkíní ni iye tó wà láyé. Ní 1933, báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́bọ̀ tó pọ̀ tó, wọn kò sì béèrè òmíràn. Bíi méje péré ni a mọ̀ pé wọ́n rọ lọ́dún yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tó ra ilé lónìí. Kọ́bọ̀ ọdún tó ṣáájú rẹ̀ kò ní láárí. Ibí yìí ni lẹ́tà ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1918 àti 1919, ilé ìrọwó ọba fún Heaton àti King's Norton ní kọ́bọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ. Èyí tó ní H tàbí KN kéré níye sí èyí tí kò ní lẹ́tà, nítorí náà àwọn tó ń kó owó jọ ń san owó gọbọi lé e ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ọdún kan náà ni, irin kan náà ni, lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n. Ẹ má ṣe tìtorí èyí rò pé gbogbo H ló níye lórí o. Nínú kọ́bọ̀ tiwa, H pọ̀ bí ewé. Ọdún àti lẹ́tà ni a ń kà pọ̀.

Èkejì ni ipò tí owó náà wà. Èyí tí ojú rẹ̀ kò tíì yó, tí ìlà adé rẹ̀ ṣì hàn, lè tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ọwọ́ ti jẹ.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń wá a. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ẹ, ohun tó ṣọ̀wọ́n kò ní olówó.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE NÍLÉ

Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Ìyá ti mú ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú jáde kí n tó dé, ó ti ha mẹ́rin nínú wọn, wọ́n ń dán bí abọ́ ọdún. Ojú tí àlejò rí ni ìyá ń tún ṣe, àmọ́ ẹni tó mọ owó àtijọ́ rí i bí ojú tí wọ́n bó. Bí eruku bá wà lára rẹ̀, omi lásán àti aṣọ rírọ̀ tó.

Ẹ fi òòfà kàn án. Òòfà kì í mú kọ́bọ̀ oníhò, funfun tàbí pupa. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ayédèrú ni.

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀: ọba sí ọba, ọdún sí ọdún, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ wo ṣílè àti sísì dáadáa. Èyí tí ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1913 tí ó sì funfun lè jẹ́ fàdákà, tí bàbá-bọ́lá yóò sì fi kílò kan náà wọ̀n ọ́n mọ́ bàbà. Ní ti kọ́bọ̀, bíi 105 ló ń wọ kílò kan.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó fi í sílẹ̀ àti ibi tó ti ná an sínú ìwé, kí ẹ fi sínú agolo náà. Báńkì Àpapọ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù owó níbí ní Àbújá. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tí ẹ ní, òun ló ń sanwó. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó rà, olè ni. Kò ní orúkọ mìíràn.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ AGOLO

Ọjọ́ méjì ni èmi, ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fi tú agolo náà. Kọ́bọ̀ oníhò 216 ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti GEORGIVS VI, ojú wọn ti yó. Mẹ́sàn-án jẹ́ ti Edward kẹjọ. A rí èyí tí kò ní lẹ́tà, a rí H, a sì rí KN. Ọ̀kan jẹ́ ti 1911, ó ní H, ó sì ní NIGERIA lára. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a bá ṣílè mẹ́ta tó dúdú bí èédú. Ọdún 1914 ló wà lára méjì, 1916 lára ẹ̀kẹta. Fàdákà ni wọ́n.

Gbogbo rẹ̀ kò sọ ìyá di olówó. Kò tó owó tó lè kan páànù yàrá kan. Owó tí àbúrò san fún ẹni orí fóònù kò padà wá títí di òní, nọ́ńbà náà kò sì wọlé mọ́. Àmọ́ kílò bíi méjì ni ẹ̀gbọ́n ì bá tà, fàdákà ì bá sì bá a lọ pẹ̀lú ti 1911.

Ìyá kò tà wọ́n. Ó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kọ́bọ̀ Edward kan, ó kó ìyókù padà sínú agolo pẹ̀lú ìwé tí mo bá a kọ. Nígbà tí mo ń kọ ọ́, mo bi í pé níbo ni bàbá ọkọ rẹ̀ ti rí àwọn ṣílè fàdákà náà. Àbúrò, ọmọ tí wọ́n lù ní jìbìtì yẹn, ló dáhùn. Ó ní bàbá àwọn sọ fún òun rí pé iṣẹ́ ojú irin ni bàbá àgbà ṣe nígbà èwe rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kò ná tán. Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó ní òun kò gbọ́ ìyẹn rí.

Ẹ lọ wo agolo yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tó ṣì wà, kí ó tó di pé irin nìkan ló kù tí kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn rẹ̀.